Kí ló dé tí lọ́yà Mandela ò sọ fún un pé ìyàwó òun ti kú?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń yí mi lọ́kàn láti ìjẹta, mo sì mọ̀ pé àwọn lọ́yà wà níbí, àwọn àgbà tó mọ ìtàn náà wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Mo ń gbọ́ ìwé tí Mandela kọ nípa ayé ara rẹ̀ lórí fóònù, inú mọ́tò ni mo ti ń gbọ́ ọ, gbogbo ẹni tó bá ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní V.I. láàárọ̀ mọ̀ pé èèyàn lè gbọ́ Bíbélì látòkè délẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Mo wá dé ibi tí wọ́n ti kó wọn lọ sí Robben Island, erékùṣù tí wọ́n fi ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọn ò tíì pẹ́ níbẹ̀ rárá, ni lọ́yà wọn tó ń jẹ́ Bram Fischer wá bẹ̀ wọ́n wò pẹ̀lú lọ́yà kejì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n á pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn àbí wọn ò ní pè é. Mandela wá bi í pé Molly ńkọ́, ìyẹn ìyàwó ọkùnrin náà. Bó ṣe dárúkọ Molly báyìí, Bram dìde fùú, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó jáde. Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó padà wọlé, ó jókòó, ó ń bá ọ̀rọ̀ kóòtù lọ bíi pé ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan kan. Ìgbà tó lọ tán ni ọ̀gá kan nínú àwọn wọ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún Mandela pé obìnrin náà ti kú, mọ́tò ló gbé wọn já sínú omi, kò tíì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Mo pa á níbẹ̀, mi ò lè gbọ́ ọ lọ mọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń jẹun, ẹnu yìí kan náà ló fi yọ ọrùn àwọn èèyàn nínú okùn, ó wá débi pé wọ́n bi í pé ìyàwó ẹ ńkọ́, kò lè sọ gbólóhùn kan. Ṣé ìgbéraga òyìnbó nìyẹn ni, àbí iṣẹ́ lọ́yà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Irú ìyàwó wo gan-an tiẹ̀ ni Molly yìí? Ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lóye.

Bàbá_Òkè_Àdó:

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi. Èmi ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba lásìkò tí wọ́n ń yọ díẹ̀ lára owó oṣù wa fún àwọn ará South Africa, lẹ́yìn 1976, tí àwọn ọmọ iléèwé náà ń fi owó oúnjẹ ọ̀sán wọn sílẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ìtàn ìwé lásán fún wa, a kà á nígbà náà, a sì ń jiyàn lé e lórí.

Kí o tó lè mọ ohun tó gbé ọkùnrin yẹn dìde lórí àga, o ní láti mọ ibi tí òun àti Molly ti ń bọ̀. Ọmọ Bóà paraku ni Bram, ìyẹn àwọn òyìnbó South Africa tó ń sọ èdè Afrikaans, Bloemfontein ni wọ́n bí i sí ní 1908. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ló ṣe olórí ìjọba Orange River Colony, bàbá rẹ̀ sì di olórí àwọn adájọ́ ní Free State. Òun náà gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Rhodes lọ sí Oxford. Ẹni tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ nílẹ̀ South Africa ayé ọjọ́un ti mọ̀ pé bí kò bá ṣe olórí ìjọba, á ṣe olórí adájọ́, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Molly náà, ìdílé Krige ni, mọ̀lẹ́bí ìyàwó Jan Smuts tó ṣe olórí ìjọba South Africa. Kò sẹ́ni tó fi ebi lé èyíkéyìí nínú wọn dé ìdí ọ̀rọ̀ àwọn dúdú. Wọ́n ti ń fẹ́ra bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, lẹ́tà ló ń kọ sí i láti Oxford, ní 1937 ni wọ́n wá ṣègbéyàwó. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, Ruth, Ilse àti Paul. Paul yìí, àìsàn cystic fibrosis ni wọ́n bí i mọ́, èyí tó máa ń di èèyàn ní ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ tó jẹ́ pé gbogbo òru ni etí òbí ń wà níbi èémí rẹ̀.

Ilé wọn wà ní Beaumont Street, Oaklands, ní Johannesburg. Ẹ gbọ́ o, lásìkò tí òfin sọ pé dúdú àti funfun ò gbọdọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, dúdú, funfun, Íńdíà ló jọ ń wẹ̀ nínú odò ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, wọ́n á tún jọ jẹun. Ìdí nìyẹn tí Mandela fi lè bèèrè Molly bí èèyàn ṣe ń bèèrè ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni, oúnjẹ Molly ti wọ inú rẹ̀ rí.

Ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1956, tí wọ́n kó èèyàn 156, Bram wà lára àwọn lọ́yà tó gbèjà wọn títí wọ́n fi dá gbogbo wọn sílẹ̀ ní 1961. Àárín ẹjọ́ yẹn náà, ní 1960, ni ìjọba kéde pàjáwìrì, ni wọ́n bá wá mú Molly náà lọ sátìmọ́lé, ó lo oṣù mélòó kan níbẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, kí ọkọ wà ní kóòtù láàárọ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíì, kó délé lálẹ́ kó máa wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ nítorí ìyàwó tirẹ̀ wà lẹ́yìn gádà.

Ìgbà tó di July 1963, ọlọ́pàá ya wọ oko Liliesleaf ní Rivonia, níbi tí àwọn tó ń ta ko ìjọba ti máa ń pàdé ní bòńkẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ńlá yẹn ti wá, Bram sì ni olórí àwọn lọ́yà tó gbèjà Mandela àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo ayé ló rò pé wọ́n máa so wọ́n kọ́ ni. Ní June 12, 1964, adájọ́ ní ẹ̀wọ̀n gbére ni, fún àwọn mẹ́jọ. Àwọn èèyàn ń sunkún ayọ̀ níta kóòtù, ìgbà wo lẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ sí ẹ̀wọ̀n gbére rí? Lọ́jọ́ kejì, June 13, Bram àti Molly wọ mọ́tò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n forí lé Cape Town, Ilse ọmọ wọn fẹ́ ṣe ọjọ́ìbí ọdún kọkànlélógún. Ilẹ̀ ti ṣú. Màlúù kan já sójú títì, alùpùpù kan tún ń bọ̀ níwájú, Bram yà fún un, mọ́tò sì fò sínú omi lábẹ́ afárá. Òun jáde, ọ̀rẹ́ wọn jáde, Molly ò jáde. Ó wọ inú omi yẹn padà, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún wọ̀ ọ́, nínú òtútù June ti ọ̀hún. Kò rí i fà yọ.

Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi yọ̀.

Lọ́yà_Ìyágankú:

Ẹ ṣé gan-an ni bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìdí iṣẹ́ wa.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, má pè é ní ìgbéraga. Kíláyẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sẹ́wọ̀n gbére ló wà níwájú rẹ̀, ìbéèrè tó gbé wá ni pé ṣé ẹ fẹ́ kí a pe ẹjọ́ yìí sókè. Àwọn yẹn ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ ikú ni wọ́n dá fún àwọn, àwọn ò ní pè é. Ó kàn wá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn lẹ́ẹ̀kan sí i ni, iṣẹ́ ló bá wá. Tó bá sọ pé Molly ti kú, ọ̀rọ̀ á yí padà lójú ẹsẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n ló máa wá máa ṣìpẹ̀ fún lọ́yà. Wọ́n kọ́ wa pé ẹrù tìẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ó dáa bóyá kò dáa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa.

Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ nípa ẹjọ́ Rivonia yìí tún ni pé Bram fúnra rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, òun náà máa ń lọ sí oko Liliesleaf, oríire rẹ̀ ni pé kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ oko wá jẹ́rìí, kò wá sí kóòtù, nítorí pé bí ọ̀kan nínú wọn bá nàka báyìí pé "ọ̀gá tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn", ó parí. Ìwé kan sì wà nínú àwọn ẹ̀rí tí ìjọba kó wá tó jẹ́ pé ìwé ọwọ́ Bram ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ ní kóòtù níṣojú rẹ̀, kò mira. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ tó bá gbé gáùn rẹ̀ kọ́ apá jáde nílé, inú dọ́ọ̀kì lè gbà á lálejò kílẹ̀ tó ṣú. Molly sì mọ̀. Obìnrin náà mọ gbogbo rẹ̀, ó sì ń ki búrẹ́dì bọ báàgì fún un. (Búrẹ́dì yẹn àsọdùn tèmi ni o, ẹ má bi mí ẹlẹ́rìí.)

Èmi fúnra mi ti rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ó ti dolóògbé báyìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí Mùsùlùmí. Lọ́jọ́ Ajé a ní kéèsì ìpànìyàn, kíláyẹ́ǹtì wa ti wà látìmọ́lé fún ọdún mẹ́rin. Gbogbo wa ti gbà pé ọ̀gá ò ní wá, mo tiẹ̀ ti kọ lẹ́tà tí a ó fi bẹ kóòtù pé kí wọ́n sún un síwájú, mo tẹ̀ ẹ́, mo kì í bọ fáìlì. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni ọ̀gá wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo lẹ́tà mi, ó ká a, ó fi sápò. Ó dìde, ó da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí ìjọba fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, bíìbù funfun tí a máa ń so mọ́rùn yẹn, tirẹ̀ rún jọ bíi bébà tí wọ́n fún mọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń fi sítáàṣì sí i tó sì máa ń lọ̀ ọ́ ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀gá yìí kan náà ti lé mi jáde ní kóòtù rí nítorí kọ́là! Adájọ́ wo bíìbù yẹn, ó wo ojú ọ̀gá, ó sọ ojú rẹ̀ kalẹ̀ sínú ìwé tó ń kọ. Lọ́yà ìjọba náà rí i. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Ìgbà tí a ń jáde ni akọ̀wé kóòtù, ìyá àgbàlagbà kan, wá bá a, kò kí i kú ọ̀rọ̀ ìyàwó o, ó kàn ní "ẹ mú un wá kí n bá yín fọ̀ ọ́ sà." Ìgbà yẹn ni mo rí i tí ọ̀gá dúró.

Ìyá_Ìbejì_Randburg:

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má bínú sí mi, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ Bram, Bram. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ bi yín pé irú ìyàwó wo ni Molly, bàbá nìkan ló gbìyànjú láti dáhùn.

Tíṣà ni Molly. Kì í ṣe ẹni tó jókòó sílé tó ń retí ọkọ. Òun náà wà nínú ìjà yẹn láyè ara rẹ̀, òun náà wà nínú ẹgbẹ́, òun náà ṣẹ̀wọ̀n, ó sì tún ń tọ́jú ọmọ tí kò lè mí dáadáa. Wọ́n tún gba ọmọ dúdú kan sílé, Nora, ó ń gbé pẹ̀lú wọn bí ọmọ, ní Johannesburg ti ìgbà yẹn o! Àwọn aládùúgbò wọn ńkọ́? Àwọn mọ̀lẹ́bí Bóà ní Bloemfontein ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbé láàárín àwọn èèyàn yìí rí, ó mọ̀ pé wọ́n lè má sọ ọ́ sí ọ lójú, àmọ́ wọn ò ní wá síbi ọjọ́ìbí ọmọ ẹ.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹ̀bùn àti òdòdó. Àwọn méjèèjì jọ dá ẹ̀ṣẹ̀ kan náà lójú ìjọba ni, wọ́n sì jọ mọ̀ pé ojú ẹlẹ́kejì ni àwọn lè wò kí ọkàn balẹ̀. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, ta lo fẹ́ sọ fún? Ẹni tó yẹ kí Bram sọ fún pé Molly kú, Molly náà ni.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbé Randburg níbí, ojoojúmọ́ ni mò ń wakọ̀ lórí Bram Fischer Drive lọ gbé àwọn ọmọ. Hendrik Verwoerd ni wọ́n ń pe títì yẹn tẹ́lẹ̀, Verwoerd tó jẹ́ pé òun gan-an ni olórí ìjọba nígbà tí wọ́n ju Bram sẹ́wọ̀n. Pápákọ̀ òfuurufú Bloemfontein náà, orúkọ Bram ni wọ́n fi sọ ọ́ láti 2012. Èmi ò tíì bá títì Molly pàdé.

Kò_Dá_Mi_Lójú:

Gbogbo yín ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹni mímọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kẹ̀. Kọ́múníìsì ni bàbá yìí, ní ayé Stalin pàápàá kò kúrò nínú ẹgbẹ́. Wọ́n mú un, wọ́n fún un ní béèlì, ó sì sá. Lọ́yà àgbà! Ẹni tó ń bá kóòtù sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ pé "oníbàárà mi ò ní sá lọ, olúwa mi", òun gan-an ló wá sá. Bí lọ́yà kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìkejà lónìí ẹ ò ní kọ̀wé yìn ín níbí. Àti pé ti ìyàwó yẹn, èmi ò rí ohun tó dáa nínú kéèyàn ṣe bíi pé nǹkan kan ò ṣe òun. Ohun tó ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Tí kò bá pọ̀ lọ́rọ̀ ẹ ńkọ́?

Lọ́yà_Ìyágankú:

Ẹ̀gbọ́n, ti Stalin mo gbà fún yín, ibẹ̀ yẹn, ojú ìfẹ́ ló dí i, mi ò sì ní bá a gbèjà rẹ̀.

Ti béèlì ni kí ẹ jẹ́ kí n tò fún yín. September 1964 ni wọ́n mú un, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Molly kú. Ó ní ẹjọ́ kan tó fẹ́ rò ní Lọ́ńdọ̀nù níwájú Privy Council, kóòtù àgbà kan níbẹ̀, ẹjọ́ ilé iṣẹ́ òògùn ni, kò kan òṣèlú rárá (ẹ rántí pé lọ́yà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti àwọn tó ń wa kùsà ni Bram, ibẹ̀ lowó ti ń wọlé fún un). Wọ́n fún un ní béèlì kó lọ. Ó lọ, ó ro ẹjọ́, ó borí. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀ ẹ́ pé má padà, wọ́n máa pa ẹ́ síbẹ̀. Ó ní òun ti fún wọn lọ́rọ̀ òun, ó wọ bàálù, ó padà wá jókòó sínú dọ́ọ̀kì. Ẹni tó fẹ́ sá nítorí ẹ̀mí ara rẹ̀ kì í padà wálé kó tó sá.

January 1965 ló wá pòórá. Ó fi lẹ́tà sílẹ̀ fún lọ́yà tirẹ̀ kó kà á ní kóòtù, ó ní kì í ṣe ẹ̀rù ìyà ló lé òun lọ, ojúṣe òun ni láti dúró sínú orílẹ̀-èdè yẹn kí òun máa ta ko ìjọba bí òun bá ṣe lè ṣe é. Kò sá kúrò nílùú, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Johannesburg náà ló wà, ó yí ojú padà, ó yí irùngbọ̀n padà, ó ń jẹ́ Douglas Black. Kò tíì pẹ́ rárá tó lọ tí àwọn lọ́yà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johannesburg, àwọn tí Bram fúnra rẹ̀ ti ṣe olórí wọn rí, fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọ́n ṣe máa pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn lọ́yà. Èyí dùn ún ju ẹ̀wọ̀n lọ. Nǹkan bí oṣù mẹ́wàá ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó rí i ní November, ní May 1966 wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n gbére, irú èyí tó gbà fún Mandela gan-an. Ọdún 2003 ni kóòtù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá orúkọ rẹ̀ padà sínú ìwé àwọn lọ́yà. Ó ti kú láti 1975.

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ ṣeun gbogbo yín, ẹ ti là mí lójú. Ẹ jẹ́ kí n tún bi bàbá Òkè Àdó ní nǹkan kan. Bàbá, ṣé ẹ rò pé ká ní Molly wà láyé, ṣé Bram ì bá lọ sábẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Bàbá_Òkè_Àdó:

Ọmọ mi, ta ló mọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ti wọ inú omi òru léraléra tó ń wá ìyàwó rẹ̀ kiri, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Ẹ̀wọ̀n? Àmọ́ Ìyá Ìbejì lè sọ pé Molly gan-an ì bá bá a di ẹrù, mi ò ní jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Kò Dá Mi Lójú. Òwe tí o pa yẹn, òwe gidi ni, àmọ́ ibòmíì ni wọ́n ti ń pa á. Nílẹ̀ wa níbí, ta ló ń túfọ̀? Ṣé ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú ló máa gbéra lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sọ pé ìyàwó mi kú? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì ló ń lọ, ẹbí tàbí aládùúgbò, á jókòó, á gba omi mu, á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ oko, kó tó wá sọ pé ilé ò dùn. Ẹni tọ́ràn kàn á wà nílé, orí ẹní ló máa jókòó sí. Kò sí ẹní fún Bram láti jókòó sí. Iṣẹ́ ló gbé lé ara rẹ̀ lórí lọ sí erékùṣù yẹn. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ kì í ṣe pé kò sọ, ohun tó dùn mí ni ẹni tó bá a túfọ̀. Wọ́dà! Ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn ló wá di ẹbí tó ń gbé ọ̀rọ̀ òkú wá.

Ó sì tún padà dé bá òun náà. Ní 1971, Bram ti ń ṣẹ̀wọ̀n ní Pretoria, Paul kú, ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú yẹn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Àbúrò Bram ló wá sọ fún un níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹlẹ́wọ̀n wò, àwọn wọ́dà dúró tì wọ́n. Wọ́n dá a padà sínú yàrá rẹ̀, wọ́n tì í, òun nìkan ló sì sun oorun yẹn mọ́jú, kò sí ẹni tó jókòó tì í. Wọn ò jẹ́ kó lọ síbi ìsìnkú ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí jẹjẹrẹ wá ń jẹ òun náà, tó ṣubú tí egungun itan rẹ̀ dá, wọ́n jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó wò ó. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó kú kí wọ́n tó gbé e lọ sílé àbúrò rẹ̀ ní Bloemfontein. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n tún ní kí wọ́n kó eérú rẹ̀ padà fún àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n, nítorí pé ẹlẹ́wọ̀n ṣì ni.

Ìyá_Ìbejì_Randburg:

Eérú kẹ̀! Bàbá, ẹ ti pa mí lẹ́kún níbi iṣẹ́ báyìí.

Kò_Dá_Mi_Lójú:

Ó dáa bàbá, mo ti gbọ́ ti túfọ̀ yẹn, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti béèlì ṣì wà níbẹ̀ o, èmi ò tíì gbà, Lọ́yà Ìyágankú, a ṣì máa sọ ọ́. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, nígbà tí wọ́dà wá sọ fún Mandela tán, Mandela náà ṣe kí ni? Ṣé ó kí i kú ọ̀rọ̀ ìyàwó?

Ọmọ_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, mo tan ìwé náà padà láàárọ̀ yìí, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló wà. Ó kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí Bram, ó fi lé wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ pé kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́.

Wọn ò fi ránṣẹ́.